Ìyá Ìbejì, Ẹ̀yin Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wọ Omi

ÌBÉÈRÈ

Houston ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Ní ìsinmi Kérésì tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ láti Galveston. Ọjọ́ márùn-ún ni a ó lò lórí omi, ọkọ̀ náà yóò sì dúró fún ọjọ́ kan ní Cozumel, erékùṣù kan ní Mẹ́síkò, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọkọ mi ti wo fídíò àwọn tó ń fi awò bojú, tí wọ́n ti ọ̀pá ìmí bọnu, tí wọ́n dojú délẹ̀ lórí omi tí wọ́n ń wo ẹja. Snọ́kẹ́lì ni wọ́n ń pè é. Ó ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ pé ohun tí a ó ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn, láti ìgbà náà ni wọn ò ti jẹ́ ká sinmi.

Ẹni mẹ́fà ni wa. Ọkọ mi mọ ìwẹ̀ dáadáa, odò Ògùn ló ti kọ́ ọ. Àkọ́bí wa obìnrin, ọmọ ọdún 12, ń kọ́ ìwẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n yóò di irun rẹ̀ tuntun fún ìrìn àjò yìí, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun bà á jẹ́. Ọmọ ọdún méje ni àwọn ìbejì. Táíwò ò bẹ̀rù nǹkan kan. Kẹ́hìndé ní ikọ́ fée. Ìyá ọkọ mi, ẹni ọdún 68, wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì ti sọ ọ́ pé òkun kì í ṣe ibi eré, pé ẹnikẹ́ni ò ní kó ìbejì àwọn lọ bá Olókun.

Ṣé irú ilé báyìí lè ṣe eré yìí? Ṣé ká ra ìrìn ìgbafẹ́ tí ọkọ̀ ń tà ni, àbí ká wọ takisí fúnra wa? Kí ni ká rà? Kí ni ká ṣe ní ti Màmá? Ní tèmi, ẹ má da ara yín láàmú. N kò mọ ìwẹ̀. Màá jókòó sétí omi, màá máa ya fọ́tò, màá sì máa ṣọ́ báàgì. Ẹ ṣé é o.

Ìyá Ìbejì, Houston

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ̀jìrẹ́ á dàgbà, wọn á dògbó.

Bẹ́ẹ̀ ni, irú ilé yín lè ṣe é. Olùkọ́ ìwẹ̀ ni mí, mo ti rí ilé tí ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ìwẹ̀ nínú wọn, tí gbogbo wọn fi ẹ̀rín jáde nínú omi. Mo sì ti rí ilé àwọn òmùwẹ̀ tí ọmọ ń sunkún, tí ìyá ń bínú, tí wákàtí kan ò tíì pé. Òkun kan náà ni wọ́n jọ wọ̀. Ohun tó mú wọn yàtọ̀ ni ohun tí oníkálukú ti ṣe nílé kó tó dé etí òkun. Inú púùlù kan ní Houston ni ọjọ́ yín ní Cozumel yóò ti bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ púùlù kí n tó sọ̀rọ̀ ẹja.

Etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ ìwẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi awò bojú tí mo ti ọ̀pá ìmí bọnu, àyà mi já. Awò náà bo imú pa, bẹ́ẹ̀ láti kékeré ni ara ti mọ̀ pé bí ojú bá ti wọ omi, èémí gbọ́dọ̀ dúró. Eré yìí wá ní ká dojú délẹ̀ nínú omi, ká sì máa mí lọ geere. Orí máa ń tètè gbà á; àyà ni kì í gbà. Ọmọ tó bá jẹ́ inú òkun ló ti kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ti tólẹ̀, tí ìgbì ń gbá a létí, yóò já awò kúrò lójú, yóò sì gun bàbá rẹ̀ bí ẹni ń gungi. N kò bá a wí. Àwa àgbà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní púùlù, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí omi ti dé àyà oníkálukú. Kí ẹ tó fa okùn awò sẹ́yìn orí rárá, ẹ gbé e lé ojú, ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́ sínú díẹ̀, kí ẹ wá yọwọ́. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú fúnra rẹ̀, ó bá ojú yẹn mu. Bí ó bá jábọ́, òmíràn ni kí ẹ wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí okùn bá le dan-in ni omi ò ní wọlé, bẹ́ẹ̀ okùn tó le jù ló ń ká rọ́bà náà kò, tí omi fi ń rí ọ̀nà. Irun fẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ rọ́bà yẹn tó láti mú omi wọlé, nítorí náà bí bàbá ìbejì bá ní túbọ̀mu, kí ó gé e mọ́lẹ̀. Awò tuntun máa ń ní òróró ilé iṣẹ́ lójú. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín fọ inú rẹ̀ nílé lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ tutọ́ sínú rẹ̀, ẹ fi ìka rá a káàkiri, ẹ ṣàn án díẹ̀, kò ní ṣú. Àwọn ìbejì á fẹ́ràn apá ibẹ̀ gan-an.

Ó wá kan ọ̀pá ìmí. Ẹ fi ètè dì í mú, ẹ má fi eyín há a pinpin. Ẹ fi ẹnu mí nígbà 20 lókè omi. Kí ẹ wá dojú bomi, kí ẹsẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ tún mí nígbà 20. Kí èémí náà gùn, kí ó sì rọra lọ. Bí ènìyàn bá ń mí kúkúkú, afẹ́fẹ́ tó ti lò kì í jáde tán nínú ọ̀pá, òun náà ni yóò tún máa fà sínú, orí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Nígbà tí omi bá wọ ọ̀pá, tí yóò sì wọ̀ ọ́ dájú, ẹ má gbé ojú sókè kíákíá. Ẹ sọ pé “TÙ!” sínú rẹ̀ pẹ̀lú agbára bí ẹni tu ìyẹ́ kúrò lẹ́nu, omi á fò jáde lókè. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, ó tó fún àwọn ọmọ.

Ẹ tún kọ́ wọn ní èdè ọwọ́. Etí wà lábẹ́ omi, ìpè ò dé ibẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tí wọ́n jọ pàdé bí òrùka túmọ̀ sí pé “mo wà dáadáa”. Ẹni tó bá na àtàǹpàkò sókè ń sọ fún àwọn òmùwẹ̀ pé òun fẹ́ gòkè, kò sọ pé nǹkan dára. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí amọ̀nà má bàa ṣì yín gbọ́.

Ẹ ti kọ ìwé yín bí ẹni pé Kẹ́hìndé ni ìṣòro. Táíwò gan-an ni ọkàn mi ò balẹ̀ lé lórí. Ọmọ ọdún méje tí kò bẹ̀rù nǹkan kan á rí ẹja kan, á tẹ̀ lé e, kò sì ní gbójú sókè títí ẹja yóò fi mú un dé ibi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ti tó o. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì lè gbà á lọ́wọ́ rírì. Kò lè gbà á lọ́wọ́ omi tó ń ṣàn. Àgbàlagbà kan fún ọmọ kan ni mo máa ń ní kí òbí ṣe, kí ọwọ́ àgbà náà sì lè kan ọmọ náà nígbàkúùgbà. Bàbá kan ṣoṣo kò lè ṣọ́ Táíwò àti Kẹ́hìndé pọ̀ nínú òkun. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Ní ti Kẹ́hìndé, ẹ mú un lọ rí dókítà rẹ̀ kí ẹ tó sanwó ohunkóhun, kí ẹ sì ṣàlàyé eré náà fún un yékéyéké: omi iyọ̀ lè ta sí ọmọ náà lọ́fun, ó sì lè ru ikọ́ náà sókè. Bí dókítà bá ní kò séwu, ín-hélà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì tí omi ò lè wọ̀, lọ́wọ́ àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n lò, létí omi níbẹ̀. Kó má ṣe wà nínú yàrá yín lórí ọkọ̀. Bí àyà rẹ̀ bá ń dún féé-féé láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò ní wọ omi, ó parí. Ẹ sọ fún un láti Houston pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, kí ó má bàa dà bí ìyà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ irun kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ rárá, kí ẹnikẹ́ni má fi àkọ́bí yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin dúdú ló ti pa ìwẹ̀ tì nítorí irun. Àwọn tó ń darí eré ìwẹ̀ lágbàáyé kọ̀ fún fìlà Soul Cap, tí wọ́n ṣe fún irun bíi tiwa, nígbà tí Òlíḿpíìkì Tokyo ń bọ̀ ní 2021. Ọdún 2022 ni wọ́n tó gbà á wọlé. Kí ọmọ náà di irun rẹ̀, kí ó sì kó o jọ sí ìsàlẹ̀ ìpàkọ́. Bí ó bá kó o jọ sí àtàrí, okùn awò á máa yọ̀. Kí wọ́n fi omi tó mọ́ rin irun náà dáadáa kó tó wọ òkun, nítorí irun tó ti mu omi kì í mu iyọ̀ púpọ̀ mọ́. Ẹ ra ìbòrí aláṣọ fún okùn awò náà. Owó kékeré ni, kì í sì í fa irun já.

Mo fẹ́ kí oníkálukú ní awò tirẹ̀, tí rọ́bà rẹ̀ jẹ́ sílíkónì, kí ti àwọn ọmọ sì jẹ́ ti ọmọdé lóòótọ́. Bàtà onílẹ́bẹ́ àti láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ lè háyà wọn níbẹ̀. Àwọn awò ńlá tó bo gbogbo ojú, tí imú àti ẹnu jọ ń mí nínú rẹ̀, èmi kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi lò ó. Afẹ́fẹ́ tó ti gbó lè dúró sínú èyí tí wọn ò ṣe dáadáa, ọmọ tí ẹ̀rù bá sì bà ò lè tu ú jáde lẹ́nu bí ó ṣe lè tu ọ̀pá.

Ọ̀rọ̀ Màmá ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, nítorí pé ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù òpè. Àwọn baba wa ló ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ní Hawaii, eré yìí gan-an ló ń pa àlejò sómi jù lọ, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àgbàlagbà tó mọ ìwẹ̀. Àwọn olùwádìí níbẹ̀ gbé ìròyìn kan jáde ní 2021. Wọ́n ṣàlàyé pé fífi agbára fa èémí gba inú ọ̀pá lè mú kí omi ara fà sínú ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò le. Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í pariwo, kì í juwọ́. Agbára á kàn tán nínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn tó wà létí omi á sì rò pé ẹja ló ń wò. Ẹni ọdún 68 tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, n kò ní fi ọ̀pá ìmí sí i lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi Màmá sílẹ̀ lórí ọkọ̀ pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ra awò fún àwọn náà. Kí wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn tó sọ̀kalẹ̀ sínú omi, kí wọ́n di irin rẹ̀ mú, kí wọ́n tẹ orí ba díẹ̀ kí awò kan omi, kí wọ́n wò fún ìwọ̀nba ìgbà tí èèyàn lè fi ka mẹ́wàá, kí wọ́n sì gbórí sókè wá mí. Omi ibẹ̀ mọ́ gaara, ẹja sì máa ń wá sídìí àtẹ̀gùn. Kí wọ́n lo oògùn wọn láàárọ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó nílé, kí wọ́n mu omi dáadáa, kí wọ́n wà lábẹ́ ìbòòji. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ sì sọ ìtàn erékùṣù náà fún wọn kí ẹ tó dé ibẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Máyà dá lórí ẹyẹ alápàǹdẹ̀dẹ̀: ilẹ̀ àwọn alápàǹdẹ̀dẹ̀ ni. Kí àwọn ará Spéìn tó dé, àwọn obìnrin Máyà máa ń wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n láti ilẹ̀ ńlá kọjá lórí òkun wá síbẹ̀, wọ́n ń wá tọrọ ọmọ àti ìbí wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ Ixchel, abo òrìṣà tó ni òṣùpá àti ìgbẹ̀bí. Àwókù ojúbọ wọn ṣì wà ní San Gervasio, láàárín erékùṣù náà. Ọjọ́ kan ò ní tó fún òkun àti San Gervasio pọ̀, nítorí náà ìtàn ni mo ní kí ẹ sọ. Ìyá tó ti Abẹ́òkúta wá, tó mọ ohun tí Yemọja jẹ́ fún àwọn tó ń gbé létí odò Ògùn, yóò lóye àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ju èmi lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sí Cozumel. Ẹ̀gbẹ́ méjì ni erékùṣù náà ní, wọn ò sì jọra. Èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn gba ìgbì òkun gbangba sójú; ó lẹ́wà ní wíwò, omi tó ń fa ènìyàn lọ síwájú wà níbẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tó kọjú sí ilẹ̀ ńlá Mẹ́síkò, ni ìlú San Miguel wà, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni omi ti rọlẹ̀. Síbẹ̀ omi ń ṣàn níbẹ̀ pẹ̀lú, láti gúúsù lọ sí àríwá lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí kò mọ̀ á bá omi lọ, á máa rò pé ìwẹ̀ òun ti dára sí i, títí tí yóò fi yí padà láti bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí omi lè bá yín gbé ara yín padà nígbà tó bá ti rẹ̀ yín.

Àwọn tó ní ọkọ̀ kékeré á fẹ́ gbé yín lọ sí Palancar, Colombia àti El Cielo, níbi tí ìràwọ̀ òkun ti tẹ́ sórí iyanrìn funfun. Ibi àrímálèlọ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n fún ilé yín, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yín, mi ò fẹ́ ẹ. Lórí ọkọ̀ kékeré, bí ẹnì kan bá ní òun ò ṣe mọ́, gbogbo yín lẹ di ẹrù ara yín títí ọkọ̀ yóò fi padà. Chankanaab ni kí ẹ lọ, ọgbà ìtura tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1980, tí takisí ń gbé ènìyàn dé kíákíá láti èbúté. “Òkun kékeré” ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí. Àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ sínú òkun níbẹ̀, ìbòòji wà, ilé ìtura wà, wọ́n sì ń háyà ohun èlò. Ẹni tó bá ti rẹ̀ á gun àtẹ̀gùn, á lọ jókòó ti Màmá.

Ẹ lè ra ọjọ́ náà lọ́wọ́ ọkọ̀, ẹ sì lè wọ takisí. Iye owó takisí kò sí lórí míítà, ibi tí ènìyàn ń lọ ni wọ́n fi ń ka owó, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì sọ pé ẹni mẹ́fà ni yín. Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì ni pé bí ìrìn tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tà bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró de àwọn èrò rẹ̀. Ẹni tó bá dá lọ, tó sì pẹ́, á bá èbúté ní òfìfo. Fún Chankanaab tí kò jìnnà, takisí tẹ́ mi lọ́rùn, bí ẹ bá ti padà sí èbúté ní aago mẹ́ta.

Aago mẹ́ta ti ọkọ̀ ni mò ń wí. Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Láti 2015 ni ìpínlẹ̀ Quintana Roo, tí Cozumel wà nínú rẹ̀, ti ń lo aago kan náà láti January dé December. Nígbà ooru, aago wọn àti ti Houston dọ́gba. Ní December, wákàtí kan ni tiwọn fi ṣíwájú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti Galveston wá sì lè máa lo aago Texas lọ. Mo ti gba ibi ìjókòó rí nínú ọkọ̀ kékeré kan níbẹ̀ fún aago mẹ́wàá, ní oṣù December. Mo dé ní aago mẹ́wàá lórí aago ọwọ́ mi, ọkọ̀ ti lọ láti wákàtí kan sẹ́yìn. Ó dùn mí wọra, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo mú dání ò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí di alẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ pé kí ni aago wí, kí oníkálukú ṣe aago rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fóònù a máa yí padà fúnra rẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

December tún ni ìgbà tí afẹ́fẹ́ tútù tí wọ́n ń pè ní norte máa ń fẹ́ láti àríwá. Bí ó bá fẹ́ lọ́jọ́ yín, ọ̀gá èbúté á ti òkun pa fún ọkọ̀ kékeré, omi á sì dàrú. Ẹ ṣe ètò mìíràn sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú. Bí kò bá fẹ́, omi á wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 26 tàbí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún àgbà ṣùgbọ́n tí ọmọ tó tín-ín-rín á gbọ̀n nínú rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú. Ìwé ìlera sábà máa ń ní ká wo ètè ọmọ bóyá ó ti di búlúù. Lára ọmọ tiwa kì í hàn bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àgbọ̀n rẹ̀ bóyá ó ń gbọ̀n, kí ẹ mú un jáde.

Kí ni ẹ ó rí? Iyùn ni, Ìyá Ìbejì. Iyùn pupa tí ọba ń so, tí ìyàwó ń so lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìdílé kan náà ni òun àti àwọn tí ẹ ó rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun Mẹditaréníà ni pupa yẹn ti ń wá. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé iyùn kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe ewéko. Ẹran omi kéékèèké ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jọ ń gbé, wọ́n jọ ń kọ́ ilé lórí egungun àwọn tó ti kú ṣáájú wọn, bí agboolé. Èyí tó rí bí àpáta ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì lọ lọ́dún kan. Agboolé yìí nà láti ṣóńṣó Yucatán dé Honduras, nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Ó wà lára àwọn tó tóbi jù lọ lágbàáyé. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ dà bíi ti odídẹrẹ́, tó ń ha òkúta iyùn jẹ. Ẹ ní kí wọ́n dákẹ́ lábẹ́ omi, wọ́n á gbọ́ bí eyín rẹ̀ ṣe ń dún. Ohun tó bá yà jáde wà lára iyanrìn funfun tí gbogbo ènìyàn ń tẹ́ aṣọ lé ní etí òkun. Mi ò tíì rí ọmọ tó gbọ́ èyí tí kò rẹ́rìn-ín títí omi fi wọ awò rẹ̀.

Ẹ lè rí ẹja kúta, irú kan náà tí wọ́n ń tà lọ́jà l'Ékòó, tó dúró gbọnrangandan tó ń wò yín. Kì í wá ìjà, ṣùgbọ́n ohun tó ń dán máa ń fa ojú rẹ̀ mọ́ra, nítorí náà ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ àti yẹtí sílé. Ohun dúdú ẹlẹ́gùn-ún bí òòrẹ̀ tó sápamọ́ sínú ihò àpáta, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bí alábahun òkun bá kọjá, ẹ jẹ́ kí ó kọjá; àwọn ìbejì á ti mọ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu Màmá.

Ẹ má fọwọ́ kan iyùn, ẹ má sì dúró lé e, bó ti wù kó rẹ̀ yín. Àìsàn kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Florida ní 2014 dé òkun Mẹ́síkò ní 2018, ó ń bó ẹran kúrò lára iyùn bí ẹni bó èèpo, ó sì ti pa púpọ̀ ní Cozumel. Ní October 2019, ìjọba ti Palancar, Colombia àti El Cielo pa fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè sinmi. Èyí tó kù kò ní agbára láti ru ẹsẹ̀ wa. Nítorí èyí náà ni wọ́n fi ń ní kí àlejò má fi ìpara oòrùn wọ omi. Ẹ ra ẹ̀wù ìwẹ̀ alápá gígùn àti ṣòkòtò tó bo orúnkún fún gbogbo ilé. Àwọ̀ dúdú náà ń jóná, pàápàá ẹ̀yìn orúnkún tó wà lókè omi fún wákàtí kan gbáko.

Ní kúkúrú, ọ̀rọ̀ ìwé: Màmá gbọ́dọ̀ mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà wọn tí físà Amẹ́ríkà inú rẹ̀ ṣì lágbára, tó sì gba wíwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí wọ́n á tún padà wọlé sí Galveston. Mẹ́síkò ń gba ẹni tó ní físà Amẹ́ríkà wọlé. Ẹ pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún yín.

Ó wá ku ẹ̀yin. Ẹ fi ara yín sẹ́yìn pátápátá nínú ìwé yín, lẹ́yìn ọkọ, lẹ́yìn ọmọ, lẹ́yìn ìyá ọkọ, lẹ́yìn irun. Ẹ ní ẹ ó ṣọ́ báàgì. Mo ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwẹ̀ fún ọdún pípẹ́, mo sì mọ ohùn yẹn. Ẹ̀rù ló ń bà yín, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀.

USA Swimming, àjọ ìwẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí kan ní 2017: nínú 100 ọmọ dúdú ní Amẹ́ríkà, 64 ni kò mọ ìwẹ̀ tàbí tó mọ ọ́n díẹ̀ péré. Wọ́n tún rí i pé bí òbí ò bá mọ ìwẹ̀, àǹfààní tí ọmọ ilé náà ní láti mọ̀ ọ́n kò ju 19 nínú 100 lọ. Ọmọ ń wo ojú ìyá rẹ̀ kó tó wọ omi. Bí ojú náà bá fà ro létí omi, Kẹ́hìndé á rí i kó tó rí ẹja kankan.

Mo ti ní kí ẹ rántí pé bàbá kan ò lè ṣọ́ ìbejì pọ̀. Mi ò ní kí ẹ di ẹni tó ń gba ọmọ là nínú òkun láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iṣẹ́ yín kọ́ nìyẹn. Ẹ háyà amọ̀nà kan ní Chankanaab, kí ó mú Táíwò, nítorí ọmọ a máa gbọ́ràn sí àlejò lẹ́nu ju bàbá rẹ̀ lọ. Kí bàbá wọn mú Kẹ́hìndé, kí ó sì rí i pé òun mọ ín-hélà lò. Kí ẹ̀yin àti àkọ́bí wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn, kí láìfù jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn ẹ̀yin méjèèjì, kí Màmá sì wà lókè orí yín. Láti lè wà níbẹ̀, ohun mẹ́ta péré ni ẹ ní láti mọ̀: bí a ṣe ń léfòó, bí a ṣe ń fi ẹnu mí, àti bí a ṣe ń yí sẹ́yìn dùbúlẹ̀ lórí omi nígbà tí àyà bá já. Ẹ wá olùkọ́ tó ń kọ́ àgbàlagbà, kí ẹ lọ bá a lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn ìyá tó dàgbà jù yín lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé yìí. Ẹ fi báàgì sínú mọ́tò. Kí Màmá àti àwọn ọmọ jókòó sétí púùlù, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má tíì wọlé. Ẹ wọ omi dé àyà, ẹ di ọwọ́ ọkọ yín mú, ẹ dojú bomi. Ẹ ó gbọ́ èémí ara yín, yóò dún sókè létí yín ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ máa kà á. Bí ó bá di 20, ẹ gbójú sókè, ẹ yọ ọ̀pá kúrò lẹ́nu, kí ẹ sì wo ojú Kẹ́hìndé.